Ẹ̀rí Ẹnì Kan, Ẹkún Ilé Mọ́kànlá

  

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ẹ̀rí Harrison Okene. Ẹ ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, ẹ ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti wàásù lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìjọ patẹ́wọ́, wọ́n jó, wọ́n sì fọn fèrè. Lónìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín pé ìdajì ìwàásù ni mo ṣe nígbà náà. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ ṣe nínú ìwé yìí. Kò dá mi lójú pé ẹ ó patẹ́wọ́ sí èyí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ọjọ́ 26, oṣù karùn-ún, ọdún 2013 ni. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí ń jẹ́ Jascon-4. Tọ́ọ̀gì ni, ìyẹn ọkọ̀ kékeré alágbára tí ń fa ọkọ̀ ńlá. Ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Ilé ni ọkọ̀ náà jẹ́ fún wọn. Lójú òkun Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ agbépo ti máa ń so ara wọn mọ́ bọ́ì láti gba epo rọ̀bì. Iṣẹ́ Jascon-4 ni láti máa fa okùn ọkọ̀ agbépo náà kó le, kí ìgbì má baà máa tì í kiri. Nígbà tí aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù, ìgbì ńlá kan kọlu Jascon-4. Ó dojú dé, ó sì rì, ó di ìsàlẹ̀ òkun, nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sí ojú omi. Orí ló fi balẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà lókè.

Kúùkù ni Okene nínú ọkọ̀ náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Ó tiraka jáde. Ó rí ẹni mẹ́ta níwájú rẹ̀, omi sì gbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lójú rẹ̀ kòrókòró. Omi ti òun náà wọ yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí lókè. Inú òkùnkùn biribiri ni, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀, òtútù sì ń pa á. Ìgò kóòkì kan ló rí mu. Ó ń tún Orin Dáfídì tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà kà lọ́kàn. Nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí ló lò níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n pe àwọn òmùwẹ̀ ilé-iṣẹ́ DCN Diving, ti orílẹ̀-èdè Netherlands, pé kí wọ́n wá wọ inú ọkọ̀ tó rì náà. Ẹ fiyè sí iṣẹ́ tí a rán wọn: òkú ni wọ́n rán wọn lọ kó. Ẹnikẹ́ni kò rò pé alààyè kan lè wà nínú irin tó ti wà lábẹ́ òkun fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ti rí òkú mẹ́rin. Òmùwẹ̀ kan rí ọwọ́ kan nínú omi dúdú, ó rò pé òkú mìíràn ni, ó na ọwọ́ mú un. Ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú! Ará, ọwọ́ ẹni tí ayé ti kà mọ́ òkú di ọwọ́ alààyè mú!

Wọ́n da omi gbígbóná sí i lára kó lè móoru, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n dé e ní akoto òmùwẹ̀, wọ́n sì fà á jáde. Síbẹ̀, wọn kò lè mú un bọ́ sí òde lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó mí ní ìsàlẹ̀ yẹn, omi ti tẹ̀ ẹ́ le, ó sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e jáde ṣàdédé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò hó bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìgò míńírà tí a ti mì, ìyẹn ìbá sì pa á. Nítorí náà inú yàrá onírin kan ni wọ́n fi í sí fún ju ọjọ́ méjì lọ, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, fídíò ìgbà tí wọ́n rí i jáde, ó sì kárí ayé.

Ẹ̀rí ńlá ni. Mi ò ní bu ẹ̀rí náà kù, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú kù. Ọlọ́run tó yọ Jónà nínú ikùn ẹja kò tíì kú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Méjìlá ni wọ́n. Ẹnì kan ló yè. Mélòó ló kù?

Mọ́kànlá. Mẹ́wàá ni wọ́n kó òkú wọn jáde, ẹnì kan kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n rí. Ilé mọ́kànlá ni fóònù ti dún, tí ìyá ké, tí ìyàwó wó lulẹ̀. Nínú gbogbo ìwàásù tí mo ṣe lórí ọkọ̀ yìí, n kò dárúkọ wọn rí, n kò sì gbàdúrà kan fún àwọn ọmọ wọn. Mo kàn gba orí wọn kọjá lọ bá ẹni tó yè, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ijó wà.

Ohun tí mo yọ kúrò nínú ìwàásù mi

Àwọn ìròyìn tó jáde lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sọ ohun kan tí n kò mẹ́nu bà rí. Ní apá òkun yẹn, àwọn adigunjalè orí omi máa ń ṣọṣẹ́. Nítorí èyí, ó jẹ́ ìlànà ààbò pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ara wọn mọ́ yàrá bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ìlànà yìí ni wọ́n tẹ̀ lé lóru ọjọ́ náà. Inú yàrá tí a tì pa ni omi ti bá àwọn mìíràn nínú wọn. Okene ti dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Olè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn kò wá lóru ọjọ́ náà. Omi tí ẹnikẹ́ni kò rò ló wá.

Mi ò sọ pé ẹnì kan fi ìkà ṣe é. Olè orí omi kì í ṣe àlọ́. Ó ń jí ènìyàn gbé, ó sì ń pa ènìyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó ronú bí olè kò ṣe ní wọlé kò fi irú ọkàn kan náà ronú bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe jáde. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kò ju èyí lọ. Ìlẹ̀kùn tí a kò bá lè tètè ṣí láti inú kì í ṣe ààbò mọ́, pàkúté ni.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí omi wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Jascon-4 rì, Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn àgbáyé kan tó sọ bó ṣe yẹ kí ibùgbé, oúnjẹ àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi rí. A bu ọwọ́ lù ú, a yà fọ́tò. Ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ọdún 2022, ọkọ̀ epo kan tí ń jẹ́ Trinity Spirit bú gbàmù ní Ukpokiti, lójú òkun Delta kan náà. Ọdún 1976 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà. Kì í rìn mọ́, wọ́n ti so ó mọ́ ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di ibi ìkó epo pamọ́, síbẹ̀ ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n lóru ọjọ́ náà. Iná jó o títí ó fi rì. Mẹ́ta ni a gbọ́ pé wọ́n rí láàyè. Ẹ̀yin náà ẹ tún ìṣirò ṣe.

Ìdáhùn fún àwọn tó máa bá mi jiyàn

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Ẹnì kan ń sọ lọ́kàn pé, “Pásítọ̀, àkókò àwọn mọ́kànlá yẹn ló ti tó.” Ẹlòmíràn ń sọ pé, “Okene gbàdúrà, ìdí nìyẹn tó fi yè.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti àdúrà, ta ló sọ fún yín pé àwọn mọ́kànlá kò gbàdúrà? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ìgbà wo gan-an ni ọmọ ènìyàn ń gbàdúrà, bí kì í bá ṣe ìgbà tí omi bá dé ọrùn? Nígbà tí ẹ bá sọ pé ẹni tó yè ló gbàdúrà, ẹ̀gàn lẹ ń da lé òkú lórí. Ẹ rántí pé àwọn opó wọn ń gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti àkókò, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ oní-ọ̀kadà pé kó rọra sáré? Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ yín, ẹ máa ń ṣọ́ra. Bí ó bá kan ọmọ ẹlòmíràn, ó di àmúwá Ọlọ́run. Ará, ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Àìbìkítà ni, tí a wọ aṣọ ìgbàgbọ́ fún.

Okene fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò lè lọ síbi ìsìnkú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, nítorí òun kò mọ ojú tí ẹbí wọn yóò fi wo òun, àti pé òun máa ń bi ara òun léèrè ìdí tó fi jẹ́ òun nìkan ló yè. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí Ọlọ́run yọ ń béèrè ìbéèrè. Àwa tí a kò dé etí omi rárá la ti ní ìdáhùn.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra pé ewu ń bẹ níwájú. Ta ni ọ̀gágun gbọ́ tirẹ̀? Ó gbọ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀ àti ti ẹni tó ń tù ú. Títí di òní olónìí, ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀! Nígbà tí ìjì dé, àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá lọ sínú ọkọ̀ kékeré, kí wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀ sínú ewu. Pọ́ọ̀lù kò jókòó máa kọrin. Ó dìde, ó tú wọn fó, ó ní bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, ẹ kò lè là. Ó tún rọ gbogbo wọn kí wọ́n jẹun kí wọ́n lè lágbára. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mélòó ló gúnlẹ̀? 276. Kò ku ẹnì kan. Ẹ̀rí tí Bíbélì fẹ́ràn nìyẹn, ẹ̀rí tí kò sí ilé kankan tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀tà kò ní òkun, ṣùgbọ́n Ọ̀tà ní àgádágodo

Ẹ lè bi mí pé, “Pásítọ̀, kí ló kan àwa ará Ọ̀tà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì ní Delta?” Òótọ́ ni, odò tó wà lọ́dọ̀ wa kò lè gbé ọkọ̀ agbépo. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ rìn láti Sàngó lọ sí Ìyànà Ìyẹsí lálẹ́. Ẹ wo àwọn ilé-iṣẹ́ irin, ti ike, ti fóòmù, ti ọṣẹ àti ti bisikíìtì. Ẹ wo bí ògiri wọn ṣe ga, tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì wà lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú wọn. Àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀ ní ṣíìfù òru. Ó dà bí ọkọ̀ tó dá ìdákọ̀ró sójú kan, tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta ló mú kọ́kọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ènìyàn nítòsí wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ní Odógunyàn, Ìkòròdú, iná mú ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló jóná. Ìdí tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má baà jí ọjà gbé jáde. Ẹ fi wé ti Jascon-4. Lórí òkun, wọ́n ti ìlẹ̀kùn kí olè má baà wọlé. Ní Ìkòròdú, wọ́n tì í nítorí pé wọ́n ka òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí olè. Ti Ìkòròdú burú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí gan-an. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Lóru ọjọ́ kan, wáyà iná jó, èéfín sì kún inú ibẹ̀. Wọ́n sáré dé ẹnu géètì, wọ́n bá àgádágodo lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́dẹ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jáde lọ ra oúnjẹ. Wọ́n fi irin lu géètì, wọ́n ń ké. Àwọn kan da aṣọ wọn bo imú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọlọ́dẹ dé kí èéfín tó borí wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú, arábìnrin yìí jáde wá jẹ́rìí. Ohùn rẹ̀ há nítorí èéfín. Èmi ni mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo gbé orin ọpẹ́, gbogbo wa jó. Kò sí ẹni tó béèrè pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún gbé ike oúnjẹ rẹ̀, ó padà sẹ́yìn géètì kan náà, àgádágodo kan náà.

Kí ló dé tí n kò béèrè? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Lọ́jọ́ ìkórè wa, máníjà ibẹ̀ ti fún ìjọ ní àádọ́ta àga oníke. A dúpẹ́, a gbàdúrà fún un, a ní kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa gbòòrò sí i. Àwọn àgbà sọ pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Lórí àga yẹn ni mo jókòó sí nígbà tí arábìnrin náà ń jẹ́rìí. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ arábìnrin náà. Mo ti lọ bá máníjà náà pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó bi wá bóyá a fẹ́ dá àga padà. Mo ní bí ó bá fẹ́ àga rẹ̀, kó wá kó o, ṣùgbọ́n kó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí inú. Ìjíròrò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà.

Òfin wà, òfin ń sùn

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo mọ bí fáìlì ṣe ń sùn, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kó sùn, n kò sì ní tan yín jẹ pé ọ́fíìsì wa kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí òfin. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà wà láti ọdún 1987. Ó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé-iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn lọ́nà tí wọn kò fi ní lè tètè ṣí i láti inú. Kò yọ ìgbà tí olè bá pọ̀ sílẹ̀, kò sì yọ òru sílẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ilé-iṣẹ́ wà lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti wọlé wò ó.

Òfin mìíràn tún wà, ti ọdún 2010, lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san owó náà sínú àpò tí NSITF ń tọ́jú, ó kéré tán náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san. Agbanisíṣẹ́ ni o, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin náà kò sì yọ òṣìṣẹ́ kásúà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá fara pa, kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Mélòó nínú wa ló mọ èyí? A mọ iye ọjọ́ tí a fi ń gba ààwẹ̀, a kò mọ iye ọjọ́ tí òfin fún opó àti aláàbọ̀ ara.

Òfin Mósè pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ka Deuteronomi orí 22, ẹsẹ 8. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kó ṣe odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà já bọ́ láti orí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Kò ní kí onílé máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má já bọ́. Ó ní kó mọ odi. Àdúrà yóò tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí géètì tiwa

Kí a tó nawọ́ sí máníjà, ẹ jẹ́ ká wo ilé ara wa. Nígbà ìṣọ́ òru, kí ni a máa ń ṣe sí géètì ìjọ ní aago mọ́kànlá? Àgádágodo! Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò arákùnrin kan tó ń sùn lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọdé wà nínú ilé, àwọn ìyá àgbà wà nínú ilé, wáyà jẹnẹrétọ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá. A ní ó jẹ́ nítorí àwọn olè. Ará, kí ni ìyàtọ̀ wa sí àwọn tí mo ń bá wí?

Nínú ilé yín ńkọ́? Irin ni a fi dí gbogbo fèrèsé, ìlẹ̀kùn onírin wà níwájú, a tì í, a sì fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bàbá. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní kíṣìnnì lóru, ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá inú ilé yín mọ ibi tó wà? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lè dé e?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó lọ fún ṣíìfù òru, ẹ bi í pé: ìlẹ̀kùn mélòó ló wà níbẹ̀, ta ló mú kọ́kọ́rọ́, ṣé inú ni ẹni náà wà tàbí ìta? Bí ọmọ kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má fi “Olúwa yóò ṣọ́ ọ” nìkan rán an lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má dá ẹnì kan ṣoṣo rán sí ọ̀gá, wọn yóò lé e lọ. Ẹ lọ ní ogún, ẹ lọ ní ọgbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ máníjà tàbí ọ̀gá nínú ìjọ wa, mo mọ̀ pé ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹ ní ìlẹ̀kùn tí ń ṣí láti inú kò wọ́n tó pósí. Bí ẹrù bá ń sọnù, ẹ wá ọ̀nà mìíràn láti ṣọ́ ẹrù. Ẹ má fi ènìyàn ṣe ẹrù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pásítọ̀, bí ẹni tó yè bá jáde wá jẹ́rìí, ẹ jẹ́ ká yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a tó gbé orin, ẹ jẹ́ ká bi í pé: àwọn tó kù dà? Kí ló pa wọ́n? Ta ni a lè lọ bá kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀?

Ẹgbẹ́ wa yóò máa lọ pẹ̀lú ìjọ tàbí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ ìwé sí àwọn alábẹ̀wò. Ẹ má bẹ̀rù gírámà, a ó bá yín kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí Harrison Okene ṣe lẹ́yìn gbogbo èyí? Ó ti ṣe ìlérí fún Ọlọ́run nínú òkùnkùn yẹn pé bí òun bá yè, òun kò ní padà sínú òkun mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó gbà á là. Ní ọdún 2015, ó gba ìwé-ẹ̀rí òmùwẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Kúùkù tí wọ́n fà jáde lábẹ́ òkun di ẹni tí ń wọ abẹ́ òkun lọ.

Ẹ̀rí tó yẹ kí a jó sí nìyẹn. Ìjọ ti gbọ́ ẹ̀rí tó pọ̀, ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ tí a ní kò tó nǹkan. Ní ọdún 2013, òkú ni wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ kó, wọ́n sì bá alààyè pàdé. Lẹ́yìn géètì Sàngó-Ọ̀tà lóru òní, alààyè ni gbogbo wọn. Ẹ má jẹ́ ká dúró di ìgbà tí wọn yóò pè wá wá kó òkú.

Kí Olúwa tu àwọn ilé mọ́kànlá yẹn nínú. Kí ó tu gbogbo ilé tó ṣọ̀fọ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ukpokiti nínú. Kí ó fún wa ní ojú láti rí àgádágodo, ẹnu láti béèrè kọ́kọ́rọ́, àti ẹsẹ̀ láti lọ bá ẹni tó mú un. Ní orúkọ Jésù. Àmín.